Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Dom, Sub, Safeword àtàwọn Ọ̀rọ̀ Tẹ́ Ẹ Ń Rí Kiri

Láti ìgbà tá a ti dáhùn lẹ́tà kan nípa ìbálòpọ̀ nínú ìgbéyàwó ni ìbéèrè lórí BDSM, ìyẹn eré ìbálòpọ̀ tó ní í ṣe pẹ̀lú àṣẹ, dídè tàbí ìrora táwọn àgbàlagbà jọ fẹnu kò sí, ti ń ya wọlé. Ọ̀pọ̀ yín ló rí ọ̀rọ̀ kan lórí fóònù tàbí tẹ́nì kan sọ ọ́ sí yín létí, ẹ ò mọ ohun tó jẹ́, ìtìjú ò sì jẹ́ kẹ́ ẹ lè bi ẹnikẹ́ni. Mo mú díẹ̀ nínú ẹ̀, mo gé àwọn tó gùn kúrú. Àgbàlagbà nìkan lọ̀rọ̀ òní wà fún o, ẹni tí ò bá tíì pé ọdún 18 kó jọ̀ọ́ ṣí ojú ewé míì.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ma. Ọkọ mi jókòó tì mí lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní òun fẹ́ sọ nǹkan tóun ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó ní sub lòun, pé inú òun á dùn tí mo bá lè jẹ́ Domme òun. Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ní BDSM ni. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ, mo kàn dákẹ́. Kí ni gbogbo ẹ̀ túmọ̀ sí? Ṣé ọkọ mi ò fẹ́ ṣe ọkùnrin mọ́ ni? – Ìyàwó tó ń ronú*

Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn torí òun ló wà lọ́kàn yín jù: ọkùnrin ṣì ni ọkọ yín. Sub ni ẹni tó máa ń gbádùn kí ẹlòmíì gba àkóso lọ́wọ́ òun fún ìwọ̀nba àsìkò táwọn méjèèjì ti jọ fẹnu kò sí. Ọkùnrin ń jẹ́ ẹ, obìnrin ń jẹ́ ẹ, ọ̀gá tó ń pàṣẹ fáwọn èèyàn níbi iṣẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ náà lè jẹ́ ẹ. Ẹni tó gba àkóso ni Dom, tó bá jẹ́ obìnrin, àwọn kan máa ń kọ ọ́ ní Domme. Ẹni tó lè ṣe méjèèjì, kó pàṣẹ lónìí, kó gbàṣẹ lọ́la, òun ni wọ́n ń pè ní switch, wọ́n sì pọ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.

BDSM fúnra ẹ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́fà ni wọ́n kó sínú lẹ́tà mẹ́rin, ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè yé èèyàn. B àti D ni bondage àti discipline, ìyẹn dídè pẹ̀lú ìbáwí tí wọ́n jọ ṣàdéhùn lé lórí. D yẹn kan náà pẹ̀lú S tó tẹ̀ lé e ni dominance àti submission, ìyẹn ká pàṣẹ àti ká tẹrí ba. S yẹn náà tún ni sadism, M ni masochism: ẹnì kan ń gbádùn àtifúnni ní ìrora, ẹnì kan ń gbádùn àtigbà á. Àwọn méjì tó gbẹ̀yìn yìí ló ti pẹ́ jù, orúkọ èèyàn ni wọ́n sì ti yọ ọ́. Dókítà ọpọlọ kan tó ń jẹ́ Richard von Krafft-Ebing ló sọ sadism di ọ̀rọ̀ táwọn dókítà ń lò, látara orúkọ ọlọ́lá ilẹ̀ Faransé kan, Marquis de Sade, tó kú ní 1814, ó wá fa masochism yọ látinú orúkọ Leopold von Sacher-Masoch, òǹkọ̀wé ará Austria, ìyẹn ṣì wà láàyè nígbà tí wọ́n sọ orúkọ ẹ̀ di orúkọ àìsàn. Lẹ́tà mẹ́rin tí wọ́n so pọ̀ yìí ní tiẹ̀ ò tíì pẹ́, nǹkan bí 1991 làwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ìgbà yẹn.

Nítorí náà tí ọkọ yín bá ní BDSM lòun fẹ́, kò tíì sọ nǹkan kan o, torí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n máa pàṣẹ fóun lè má fẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kan òun gbá, ẹlòmíì sì wà tó jẹ́ okùn nìkan ló fẹ́. Ẹ bi í. Ẹ ní, kí lo fẹ́ gan-an, kí ni o ò fẹ́, kí lo ò tíì mọ̀ bóyá wàá fẹ́? Àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀ máa ń kọ ọ́ sórí ìwé, èyí tí mo fẹ́, èyí tí mi ò fẹ́, èyí tá a lè wò bóyá, kálukú á kọ tiẹ̀, wọ́n á wá gbé e síra wọn. Ìjókòó yẹn ni wọ́n ń pè ní negotiation. Ẹ̀yin náà ní tiyín láti kọ, tó bá sì jẹ́ pé rárá ni ìdáhùn yín sí gbogbo ẹ̀, rárá náà dáa, ẹ kàn sọ fún un jẹ́jẹ́ torí ọkùnrin tó lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìyàwó ẹ̀ ti fọkàn tán yín gan-an.

Nǹkan kan tó kù tó máa ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lójú. Tẹ́ ẹ bá rí Top àti bottom, wọn kì í ṣe Dom àti sub. Top ni ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́, bottom ni ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún. Dom lè pàṣẹ fún sub ẹ̀ pé kó na òun lẹ́gba, sub ló mú ẹgba dání nígbà yẹn, òun ni Top, síbẹ̀ àṣẹ ò sí lọ́wọ́ ẹ̀.

*Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Ọmọ ọdún 24 ni mí. Mo pàdé ọkùnrin kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní Dom tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀ lòun, pé òun á kọ́ mi. Nígbà tí mo bi í nípa safeword torí mo ti kà á níbì kan, ó bínú, ó ní sub gidi kì í ní safeword, kì í sì í ní ààlà, pé tí mo bá fọkàn tán òun mi ò ní bèèrè. Ó ní kí n fi fọ́tò ìhòòhò mi ránṣẹ́ láti fi hàn pé mo ti tẹrí ba, kí n má sì sọ fún ọ̀rẹ́ mi kankan. Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyẹn? – Ẹni tí ò fẹ́ dárúkọ*

Rárá o. Kì í ṣe bó ṣe máa ń rí nìyẹn, má sì fi fọ́tò kankan ránṣẹ́. Tó o bá ti fi ránṣẹ́ kí èyí tó dé ọwọ́ ẹ, má san kọ́bọ̀ fún un tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í halẹ̀, má pa àwọn mẹ́sẹ́èjì ẹ̀ rẹ́, kó o sì sọ fún ẹnì kan tó o fọkàn tán lónìí yìí, kó o má dá ẹrù yẹn gbé.

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, torí lẹ́tà tó jọ tìẹ pọ̀ lọ́wọ́ mi, ọgbọ́n kan náà ni gbogbo wọn ń dá. Wọ́n á kó ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ń ṣe BDSM dáadáa fi ń dáàbò bo ara wọn, wọ́n á yí i po, wọ́n á fi mú ẹni tí ò mọ̀. Jẹ́ kí n to àwọn ọ̀rọ̀ yẹn fún ẹ bí wọ́n ṣe wà gan-an, kó o lè mọ irú ẹni tó ń bá ẹ sọ̀rọ̀.

Safeword ni ọ̀rọ̀ kan tẹ́yin méjèèjì á ti yàn sílẹ̀ kí nǹkan kan tó bẹ̀rẹ̀, tó jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti pè é, gbogbo ẹ̀ dúró lójú ẹsẹ̀, kò sí àlàyé, kò sí ẹ̀bẹ̀, kò sí "jẹ́ kí n parí ẹ̀ ná". Ìdí tí wọ́n fi ń lò ó ni pé nínú scene, ìyẹn àsìkò tí eré yẹn ń lọ lọ́wọ́, èèyàn lè máa ké pé "jọ̀ọ́, fi mí sílẹ̀" kó sì jẹ́ pé ara eré ni, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe yan ọ̀rọ̀ míì tí kò lè ṣèèṣì jáde lẹ́nu. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni àwọ̀ iná tíráfíìkì: red ni dúró pátápátá, yellow ni rọra, ó ti fẹ́ pọ̀ jù, jẹ́ ká sọ̀rọ̀, green ni máa bá a lọ, ara mi yá. Tó bá jẹ́ pé wọ́n di nǹkan mọ́ ẹni náà lẹ́nu, wọ́n á fún un ní nǹkan mú dání, bọ́ọ̀lù kékeré tàbí kọ́kọ́rọ́, tó bá ti jù ú sílẹ̀, red nìyẹn. Dom náà lè pe safeword o, ọ̀pọ̀ ni ò mọ èyí, òun náà lè rí i pé ara òun ò gbé e mọ́. Tí wọn ò bá sì yan ọ̀rọ̀ kankan, "rárá" lásán ti tó, rárá ni rárá ń jẹ́.

Ààlà ńkọ́? Gbogbo èèyàn ló ní in. Hard limit ni èyí tó o ti sọ pé láéláé, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bẹ̀ ẹ́ lórí ẹ̀. Soft limit ni èyí tó o ṣì ń bẹ̀rù tàbí tó o fẹ́ ní àsìkò kan pẹ̀lú ẹnì kan nìkan. Dom tó bá mọ iṣẹ́ ẹ̀, ààlà ẹ ni nǹkan tó kọ́kọ́ máa bi ẹ́, torí òun ló máa fi mọ ibi tóun lè dé. Ẹni tó ní sub gidi ò ní ààlà ń sọ fún ẹ pé òun ò ní dúró tó o bá ní kóun dúró, ó ti sọ ọ́ fún ẹ tẹ́lẹ̀, jọ̀ọ́ gbà á gbọ́.

Ìyọ̀ǹda ni ìpìlẹ̀ gbogbo ẹ̀, kì í sì í ṣe ti àná. Èèyàn lè gbà lánàá kó kọ̀ lónìí, ó lè gbà láago mẹ́jọ kó kọ̀ láago mẹ́jọ ààbọ̀. Ẹni tó ti mutí yó ò lè yọ̀ǹda, ẹni tí wọ́n ń halẹ̀ mọ́ ò lè yọ̀ǹda, ọmọdé ò lè yọ̀ǹda rárá. Wàá rí lẹ́tà mẹ́ta kan tí wọ́n máa ń kọ, SSC, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé kó jẹ́ èyí tí kò léwu, kó jẹ́ èyí tí orí pípé ṣe, kó sì jẹ́ èyí tí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ fọwọ́ sí. Ẹgbẹ́ kan ní New York, GMSMA, ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1983. Nígbà tó di 1999, ẹnì kan tó ń jẹ́ Gary Switch ní kò sí nǹkan tí kò léwu rárá láyé, ó wá mú RACK wá: ká mọ ewu tó wà ńbẹ̀ ná, ká tó fọwọ́ sí i. Awuyewuye wà láàárín àwọn tó fẹ́ràn èyí àtàwọn tó fẹ́ràn tọ̀hún, RACK tẹ́ mi lọ́rùn díẹ̀ torí kò tan èèyàn jẹ, ṣùgbọ́n wo àwọn lẹ́tà inú méjèèjì dáadáa, C wà nínú SSC, C wà nínú RACK, ìyọ̀ǹda (consensual) sì ni C yẹn nínú méjèèjì. Kódà ohun tí wọ́n ń pè ní CNC, níbi tí àwọn méjì ti ń ṣeré bíi pé ẹnì kan ò fẹ́, àwọn tó ti mọra wọn fún ìgbà pípẹ́ ló wà fún, ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ ṣáájú ẹ̀ sì máa ń pọ̀ gan-an ni.

Èyí tó ní kó o má sọ fún ọ̀rẹ́ ẹ ló burú jù lójú mi. Àwọn tó wà nídìí ẹ̀ ní ohun tí wọ́n ń pè ní munch, ìpàdé lásán ni, níbi tí gbogbo èèyàn lè wọ̀, pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ lójoojúmọ́, wọ́n á jẹun wọ́n á sọ̀rọ̀, kò sí eré kankan ńbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ní California níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ìdí ẹ̀ gan-an sì ni pé kí ẹni tuntun lè rí ojú èèyàn, kó lè bi àwọn míì pé ẹni báyìí ńkọ́, irú èèyàn wo ni. Àwọn tó mọra wọn tún máa ń ṣe safe call: tí wọ́n bá fẹ́ lọ pàdé ẹni tuntun, wọ́n á sọ ibi tí wọ́n ń lọ fún ọ̀rẹ́ kan, wọ́n á dá àkókò tí wọ́n máa pè é, tí ìpè ò bá wọlé ọ̀rẹ́ á mọ ohun tó máa ṣe. Ọkùnrin tó ní kó o má sọ fún ẹnikẹ́ni ń gé gbogbo ìyẹn kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ. Dẹ́kun àtimáa dá a lóhùn, àbúrò mi. O ò jẹ ẹ́ ní àlàyé kankan.

*Ṣé àìsàn ọpọlọ ni, ma? Ẹ̀gbọ́n mi rí ọ̀rọ̀ kan lórí fóònù mi, ó ní kí n lọ gba ìtọ́jú.*

Wọ́n kà á sí àìsàn fún ọ̀pọ̀ ọdún lóòótọ́, ẹ̀gbọ́n yín ò kàn dá a sọ. Ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé ti yọ fetishism àti sadomasochism kúrò nínú ìwé tí wọ́n to orúkọ àìsàn sí, ìyẹn ICD-11, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 1, 2022. Denmark ti yọ ọ́ tipẹ́, ní 1995, Sweden yọ ọ́ ní 2009. Ìwé àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà, DSM-5 ti 2013, náà ti ya nǹkan méjì sọ́tọ̀: kéèyàn fẹ́ràn nǹkan tí kò wọ́pọ̀, ìyẹn nìkan kì í ṣe àìsàn, ó di ọ̀ràn dókítà tó bá ń kó ìdààmú gidi bá ẹni náà tàbí tó ń pa ẹlòmíì lára. Èyí tí ICD-11 ṣì dá sí ni ti ẹni tó ń fipá fún ẹlòmíì tí kò fọwọ́ sí i ní ìrora, ibi tó yẹ kí wọ́n fi í sí gan-an sì nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé ńṣe lẹ̀ ń wá ìrora láti fi jẹ ara yín níyà, tàbí tẹ́ ẹ fẹ́ dúró tí ẹ ò lè dúró, ẹ lọ rí dókítà, tìfẹ́tìfẹ́ ni mo fi sọ ọ́. Tí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sí fóònù yín.

*Àǹtí, èmi àtìyàwó mi ti bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, okùn rírọ̀ àti àṣẹ kéékèèké, ó sì ń gbádùn ẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ kejì ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ní mi ò ṣe nǹkan kan fóun, pé òun náà ò mọ ohun tó ń ṣe òun. Èmi náà ń rò ó pé bóyá èèyàn burúkú ni mí. – Ọkọ tọ́kàn ẹ̀ ò balẹ̀*

Ẹ kú àfaradà. Drop nìyẹn. Nígbà tí scene ń lọ lọ́wọ́, ara á tú adrenaline àti endorphin jáde, orí á fúyẹ́, àwọn míì á dà bíi pé wọ́n ń léfòó, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní subspace, ẹni tó bá wà níbẹ̀ lè má mọ̀ pé nǹkan ti ń dun òun, torí náà ẹ má fi nǹkan tuntun lọ ìyàwó yín nígbà tó bá wà nínú ẹ̀, ohunkóhun tó bá gbà nígbà yẹn ò ka. Tí gbogbo ẹ̀ bá wá rọlẹ̀, ara á ṣú, ẹkún lè dé, ó sì lè jẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó lè jẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì. Sub drop nìyẹn. Ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ wá ń rò ó pé èèyàn burúkú lẹ jẹ́, Dom drop nìyẹn, àwọn ọkùnrin kì í sì í fẹ́ sọ ọ́ jáde, mo dúpẹ́ pé ẹ kọ ọ́.

Ohun tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀ ni aftercare. Ẹ tú u sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ fi nǹkan bò ó torí òtútù máa ń mú wọn, ẹ fún un lómi, ẹ dì í mọ́ra tó bá fẹ́, ẹ bá a sọ̀rọ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n fẹ́ kí wọ́n fàwọn sílẹ̀ jẹ́ẹ́, nítorí náà ẹ ti bèèrè ṣáájú, ẹ má dúró dìgbà tẹ́nì kan ti ń sunkún. Kó má sì parí lálẹ́ ọjọ́ yẹn o, ẹ tún bi í lọ́jọ́ kejì àti ọ̀túnla pé báwo lara, báwo lọkàn, kóun náà bi yín. Tí ẹkún yẹn bá wá kọ̀ tí kò lọ, tàbí tó bá sọ pé nǹkan kan wà tóun ò fẹ́ ńbẹ̀, a ti kúrò lórí drop nìyẹn, ẹ dá gbogbo ẹ̀ dúró kẹ́ ẹ sì gbọ́ ọ.

*Kí ló wà láàárín kink àti fetish? Kí sì ni vanilla?*

Kink ni ohunkóhun tó bá yà kúrò ní ojú ọ̀nà tí gbogbo èèyàn mọ̀ nínú ìbálòpọ̀. Fetish kéré sí i, ó sì jinlẹ̀ jù ú lọ: ohun kan pàtó, bàtà, awọ, ẹsẹ̀, tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni ìfẹ́ ẹni náà rọ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti rìn jìnnà, àwọn atukọ̀ Potogí ló ń pe àwọn ohun ìjọsìn tí wọ́n bá ní etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní feitiço, ìyẹn oògùn, kò dé ọ̀dọ̀ ìfẹ́ ara títí di 1887 tí Alfred Binet ti ilẹ̀ Faransé lò ó bẹ́ẹ̀. Vanilla ni ẹni tí kò sí èyíkéyìí nínú ẹ̀ fún, kì í ṣe èébú, ẹni tó bá fi bú yín ni kò lẹ́kọ̀ọ́.

*Ẹ̀gbọ́n, mo ń kọ́ shibari látinú fídíò, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó dáa kí n gbìyànjú fífún ọrùn náà, afẹ́sọ́nà mi ló ní kí n ṣe é. Tó bá sì ti kọ ọ́ sínú ìwé pé òun fọwọ́ sí i, ṣé ọlọ́pàá lè mú mi?*

Shibari, táwọn míì ń pè ní kinbaku, okùn dídè ti àwọn ará Japan ni. Ìdè tí wọ́n fi ń mú ẹlẹ́wọ̀n láyé àtijọ́, hojōjutsu, wà lára ibi tó ti ṣẹ̀, ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Itō Seiu sì wà lára àwọn tó sọ ọ́ di iṣẹ́ ọnà níbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún. Ó lẹ́wà, mi ò ní kó o má kọ́ ọ, ṣùgbọ́n fídíò nìkan ò tó. Iṣan tó ń gbé ọwọ́ sókè wà lẹ́yìn apá níbi tó sún mọ́ awọ, tí okùn bá tẹ̀ ẹ́ pẹ́, ọwọ́ lè rọ jọwọrọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Máa ní kó gbé ọwọ́ àti ìka ẹ̀ sókè lóòrèkóòrè, tó bá ní ó ń ta òun tàbí ó ti kú tipiri, tú u, má dúró tún un so. Sísọ́ọ̀sì tórí ẹ̀ ò ṣe ṣóńṣó, irú èyí tí àwọn tó ń gbé aláìsàn fi ń gé aṣọ, kó máa wà nítòsí ọwọ́ ẹ. Ẹni tí wọ́n ti dè, wọn kì í fi í sílẹ̀ nìkan, àní fún ìṣẹ́jú kan. Gbígbé èèyàn kọ́ sókè, má dán an wò títí tẹ́ni tó mọ̀ ọ́n á fi dúró tì ẹ́ kọ́ ẹ.

Ti ọrùn, rárá. Kò sí bí wọ́n ṣe ń ṣe é tí kò léwu. Èèyàn lè dákú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kò ní ráyè pe red, iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn lè ya kó sì fa stroke lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tẹ́ ẹ ti gbàgbé. Sọ fún afẹ́sọ́nà ẹ pé hard limit tìẹ nìyẹn, Dom náà ní tiẹ̀.

Ní ti ìwé, bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n lè mú ẹ. Òfin orílẹ̀-èdè yàtọ̀ síra, àmọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ nígbà yẹn dájọ́ ní 1993, nínú ẹjọ́ R v Brown, pé àwọn ọkùnrin tó ṣe ara wọn léṣe níbi sadomasochism jẹ̀bi bí gbogbo wọn tiẹ̀ fọwọ́ sí i, kóòtù ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù sì gbà pẹ̀lú wọn ní 1997. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2021 tún kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé fún England àti Wales, ẹni tó bá ṣe ẹlòmíì léṣe gidi ò lè sọ pé ó gbà kí n ṣe é torí ìgbádùn ìbálòpọ̀. Ìwé tẹ́ ẹ bá kọ láàárín ara yín wúlò kí ẹ lè mọ ohun tí kálukú fẹ́, kò lè gbà ẹ́ níwájú adájọ́. Wá lọ́yà kan tó mọ òfin ibi tó o ń gbé, bi í, kó o tó so okùn míì.